Ó Wọ́, Ó Tọ́

Èmi ni mo kun ògiri pálọ̀ Yáyá Felisíánà
ní Pópó Àgùdà, lọ́dún tí òjò já òrùlé wọn.
Àwọ̀ ẹyin àti àwọ̀ ewé ni wọ́n fẹ́.
"Ìlà tóóró tóóró," ni wọ́n wí, "kó dàgẹ̀rẹ̀,
kí orí gbogbo wọn fì sósì, bí òjò tí ìjì ń tì."
Mo lẹ tépù, mo kùn ún, mo gbowó mi.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, wọ́n ránṣẹ́.
Fọ́tò ọkọ wọn ni, Bàbá Leándírò,
akọ̀wé èbúté Àpápá nígbà ayé rẹ̀:
férémù igi dúdú, etí rẹ̀ ní wúrà fẹ́ẹ́rẹ́.
"Akunlé, wo ọkọ mi. Ó ń ṣubú lọ sọ́tùn-ún."
Mo wò ó.
Àní ó wọ́.

Mo yọ okùn ìwọ̀n lápò,
òjé àwọ̀n ni mo so sídìí rẹ̀,
apẹja kan ló fún mi l'Ébùúté Ẹlẹ́fun.
Mo jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá férémù.
Ó mì, ó mì, ó dákẹ́.
Okùn ní ó tọ́.
Ojú ní ó wọ́.
Èyí tó wá là mí lóòógùn ni pé
bí mo ṣe tẹjú mọ́ okùn náà níwájú àwọn ìlà yẹn,
òun gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún,
okùn tí kò mọ nǹkan kan ju kó wálẹ̀ lọ.

Yáyá kò gbà.
"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo ti ń fi ojú yìí ríran.
Ìwọ fẹ́ fi òjé ẹja bá mi ṣe ẹjọ́?"
Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi imú ọ̀pá ti férémù sósì
títí yóò fi tọ́ lójú wọn.
Bí mo bá kọjá, ma ju okùn sílẹ̀:
ó ti wọ́ ní ìka méjì.
Ma dá a padà. Wọn a tì í.
Báyìí la ṣe títí oṣù fi lé.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n bu fùrẹ́jọ̀ùn fún mi,
ó dùn, ó dúdú, àgbọn ń ta sánsán lójú abọ́.
Mo ti dá férémù padà lọ́sàn-án kí wọ́n tó jí.
Lójijì, iná lọ.
Ògiri lọ. Ìlà lọ.
Fìtílà ará òdìkejì nìkan ló yọ́ gba fèrèsé wọlé,
wúrà etí férémù nìkan ló sì rí i mú:
ìlà mẹ́rin nínú òkùnkùn,
tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dúró.

Yáyá gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Ta ló tún un ṣe?"
"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Yáyá."

Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́.
"Ní Àpápá," ni wọ́n wí, "ibi kan náà ni gbogbo wọn fì sí.
Ó wà lára ìwé, ó wà lábẹ́ tábìlì.
Òun kò fì. Wọ́n ní alágídí ni,
wọ́n ní ó ń ṣe ojú ayé, ó ń wọ́ sí ibòmíràn.
Wọ́n sọ ọ́ títí, èmi náà rí i bẹ́ẹ̀.
Nínú pálọ̀ yìí ni mo ti sọ fún un:
Leándírò, ìwọ náà, fì díẹ̀."

Iná dé.
Ìlà rọ́ wọlé, férémù tún wọ́ lójú àwa méjèèjì.
Wọ́n na ọ̀pá sókè.
Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo ní ṣé kí n wá fi ẹfun kun ògiri náà, kó funfun lásán.
Wọ́n ní rárá o, owó ni wọ́n fi kùn ún.
"Jẹ́ kó máa wọ́ lójú mi. Mo ti mọ̀."

Mo kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò,
mo so okùn mi kọ́ ọ, mo bá ọ̀nà mi lọ.
Ó ṣì wà níbẹ̀.
Bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá wọlé nírọ̀lẹ́,
a máa mì díẹ̀.